Dominic Ọpẹ́ àti Orúkọ Ìsàlẹ̀-Odò

Bí ẹ bá dé Ìdí-Àgbọn, ìlú kékeré kan tí ọ̀nà Erínjẹ gbà kọjá, tí ẹ sì béèrè Dominic, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ sọ pé Dominic Ọpẹ́ ni, kíá ni wọn á mú yín délé rẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ju ọpẹ́ lọ. Òjò pa ọ̀dà tí kò tíì gbẹ lára pátákó rẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni, òjò náà kò ká òun mọ́ orí àkàbà. Ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Òkìtìpupa, ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní ọpẹ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ òsì lòun fi balẹ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀tún lòun fi ń kọ̀wé. Dora ìyàwó rẹ̀, ọmọ Erínjẹ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, a máa sọ pé ọjọ́ tí Dominic bá kú, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀.

Dominic kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń gbẹ́ ọkọ̀ fún àwọn apẹja. Bàbá á gbẹ́ ọkọ̀, ọmọ á kọ orúkọ sí i lára. Ẹni tó bá sì ti kọ orúkọ sára ọkọ̀ ojú omi rí mọ̀ pé imú ọkọ̀ kì í ṣe pátákó. Ó tẹ̀, ó sì ń tín-ín-rín bó ti ń lọ sókè. Bí èèyàn bá kọ orúkọ sí i ní ìlà tó gún gbọọrọ, tó bá dé ojú omi, ńṣe ni yóò dà bíi pé orúkọ náà ń rì. Láti kékeré ni ọwọ́ Dominic ti mọ bí a ṣe ń tẹ̀lé ara igi, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè fẹsẹ̀ tẹ ìlà rẹ̀ bí ẹyẹ ṣe ń bà sórí ẹ̀ka.

Nígbà tí òkun jẹ ilẹ̀ wọn títí tí omi fi wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, Dominic di búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú àpò, ó forí lé ilẹ̀ gbígbẹ. Ìdí-Àgbọn gbà á. Wọn kò bi í pé ọmọ ta ni kí wọ́n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ tó kọ́lé sí lẹ́yìn ọjà, ibi tí kò sí lábẹ́ àdúgbò kankan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó ilé ìwé, pátákó aránṣọ. Irewọlé ọmọ rẹ̀ dàgbà níbẹ̀, ó gbéyàwó níbẹ̀, ó sì bí Pamílẹ́rìn, ọmọ ọwọ́ tí Dora kì í jẹ́ kí ẹlòmíì pọ̀n. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Dominic kò fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà, ìdí nìyẹn tí ọpẹ́ kì í fi í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bánà ẹlẹ́rọ dé. Kí èèyàn tó mu ẹ̀kọ tán, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Òkìtìpupa pẹ̀lú àwòrán pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ pátákó kú. Dominic ní ọpẹ́ ni, eegun ẹ̀yìn òun ti ń bẹ òun kí òun sinmi tẹ́lẹ̀. Ó gbìn gbágùúdá díẹ̀, ó ń tún ọ̀dà ilẹ̀kùn àwọn èèyàn kùn, ó sì ń wo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ nínú agolo.

Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Judith bá a. Judith ni wọ́n fi ṣe olórí ilé ìwòsàn kékeré ti ìlú náà, obìnrin tí ara rẹ̀ yá, tó fẹ́ràn ọmọ, tó sì fẹ́ràn ìṣirò bákan náà. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ti ya àwòrán kan tó ń pè ní ṣáàtì, èyí tó ń fi iye ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ èéyi hàn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ó lẹ bébà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Ó lẹ òmíràn, òjò mu ún.

"Bàbá Irewọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà á sára ògiri," ló wí. "Ewúrẹ́ kò lè jẹ ògiri."

"Ọpẹ́ ni," ni Dominic dáhùn, ó sì lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Báyìí ni àtẹ náà ṣe rí. Òbìrìkìtì ńlá kan ni, tí wọ́n pín sí ègé mẹ́fà láti àárín bí ẹni gé kéèkì. Àdúgbò mẹ́fà ló wà ní Ìdí-Àgbọn, ègé kan ni ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ní àdúgbò kan bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa kun ègé wọn láti àárín lọ sí etí. Tí ọ̀dà bá kan etí, a jẹ́ pé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ti gbà á tán. Ẹni tó mọ̀wé á rí i, ẹni tí kò mọ̀wé náà á rí i.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Judith kò kọ orúkọ kankan sára ègé. Àpótí kékeré kan ló yà sí ẹ̀gbẹ́, ó to àwọ̀ sínú rẹ̀, ó wá kọ orúkọ àdúgbò síwájú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dominic náà yà á bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ìjà fi bẹ́. Àwọn ará Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì rí ègé aláwọ̀ ewé tó gùn jù, wọ́n ní tàwọn ni, wọ́n ti ń jó. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò, tí wọ́n ni ègé náà ní tòótọ́, ní kí wọ́n lọ wo àpótí dáadáa, ewé ọ̀pẹ ni àwọ̀ tàwọn, ewé ẹ̀fọ́ ni ti Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbà mí, ta ló fẹ́ dúró nínú oòrùn kó máa fi ewé wé ewé?

"Ẹ pa àpótí yẹn rẹ́," ni Judith wí. "Ẹ kọ orúkọ oníkálukú sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀."

Dominic gbìyànjú láti kọ ọ́ ní ìlà gbọọrọ. Kò gbà. Ègé fẹ̀ létí, ó tín-ín-rín láàárín, orúkọ Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì sì ya wọ ilé aládùúgbò rẹ̀ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó fọwọ́ lérán. Ló bá rántí imú ọkọ̀. Ó so òwú mọ́ ìṣó tó gún sí àárín àtẹ, ó so ẹfun mọ́ òdì kejì òwú, ó fa ìlà tó yí gbogbo etí òbìrìkìtì náà ká, ó sì to orúkọ àwọn àdúgbò sórí ìlà náà, kí gbogbo lẹ́tà fẹsẹ̀ tẹ etí àtẹ, kí wọ́n kọ orí síta. Bí ìlú ṣe tò gan-an ló tò wọ́n. Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè, ó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ìsàlẹ̀-Odò, tó wà níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orí ẹní ni Dominic dùbúlẹ̀ sí kó tó lè kọ ìyẹn.

Nígbà tó parí, gbogbo orúkọ yí àtẹ náà ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó rẹwà. Dominic rí i pé lẹ́tà Ìsàlẹ̀-Odò gbẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n sì dorí kodò, ṣùgbọ́n kò kà á sí nǹkan kan. Ní etí òkun, ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé gòkè láti sinmi, ńṣe ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ dé kí òjò má kún inú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ á dorí kodò, ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò tẹ ọrùn. Ìsinmi ni ìyẹn. Ó dúpẹ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ jẹun.

Àwọn kan ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Má bínú, Dominic, ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e, Judith gbé kúlà dé láti Òkìtìpupa, oògùn wà nínú yìnyín. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Èéyi ti wọ ìletò kan lápá odò, wọ́n sì ti sin ọmọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù ní Ìdí-Àgbọn gbọ́dọ̀ gbà á, àwọn tó ti gba àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba èkejì. Ìyá láti Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá láti Ojú-Ọjà dé. Láti Ìsàlẹ̀-Odò, tí wọ́n máa ń ṣáájú gbogbo ayé dé, ẹnì kankan kò yọjú. Oòrùn kan àtàrí. Judith bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn.

Nígbà tó padà, ó lọ bá Dominic lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ níwájú ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọn ò wá. Wọ́n ní kí n lọ bi ẹni tó dorí àwọn kodò."

"Ta ló dorí ta kodò?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni, Bàbá. Iye Aníwúrà ló pàṣẹ. Ó ní ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò kankan kò ní wọlé yìí mọ́. Yìnyín mi ò sì lè kọjá ọ̀sán ọ̀la. Tó bá yọ́, mo máa kó oògùn náà padà ni, mi ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa fún mi ní òmíràn."

Iye Aníwúrà ni olórí àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀-Odò. Iye ni wọ́n ń pe ìyá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìyá Aníwúrà sì ni obìnrin yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló sọ ọ́ di tiwọn. Òun ló lọ láti ojúlé dé ojúlé nígbà tí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ dé, tó fa àwọn ìyá jáde nínú ibi tí wọ́n ti ń se epo pupa. Bí ègé Ìsàlẹ̀-Odò bá gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ẹsẹ̀ Iye ló mú un gùn. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ lójú bó ṣe mọ ojú ọmọ rẹ̀, nítorí ó ti ń rí i lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ìgbà pípẹ́.

Dominic lọ sílé. Dora ń yan ẹja. Dominic jókòó tì í. Dora wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún wò ó.

"Ṣé kò sí ọpẹ́ lónìí ni?"

Dominic ṣí ẹnu, ó wá ọpẹ́ lọ, ó wá a bọ̀, kò rí i. Ẹ̀rù bà á. Ó ní bí ọmọ kan bá ṣe báyìí kú ní Ìsàlẹ̀-Odò, búrọ́ọ̀ṣì òun ló pa á. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Dora, bó ṣe kọ ọ́, bí lẹ́tà ṣe dúró, ohun tí Judith wí. Dora gbé ẹja kalẹ̀.

"O dorí orúkọ wọn kodò? Ní ilé abẹ́rẹ́? Dominic, odó tó wà lẹ́yìn ilé ìdílé Bẹnẹdíìtì tó ti di ahoro, kí lo rò pé ó ń ṣe níbẹ̀?"

Dominic mọ odó náà. Ó wà ní àgbàlá tí koríko ti bò, ó dojúdé. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà. "Mo rò pé nítorí òjò ni."

"Nítorí òjò!" Dora pàtẹ́wọ́. "Ilé tí kò bá ku ọmọ kankan mọ́ ni wọ́n ń dojú odó rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tí wọn yóò gúnyán fún mọ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dojú odó dé níhìn-ín, kódà nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ la máa ń fi í lélẹ̀. O wá kọ orúkọ àdúgbò kan, o dojú rẹ̀ dé síbi tí wọ́n ti ń gún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́. Lójú wọn, o ti sọ pé ọmọ wọn á tán."

Ojú ti Dominic débi pé òógùn bò ó. Ọkọ̀ tó ń sinmi ló yà. Odó ilé tó ti parun ni wọ́n rí. Dora, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò bá a wí mọ́. Ó bu omi fún un mu, ó mú fìlà rẹ̀ wá, ó ní, "Dìde, lọ dọ̀bálẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀."

Iwájú ilé ni Iye Aníwúrà wà, ó ń ṣa ẹyìn ọ̀pẹ. Dominic kò dúró kó rí àyè tó mọ́. Inú eruku ni ó dọ̀bálẹ̀ sí, gbalaja.

"Iye, ẹ forí jì mí. N kò mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tó bá dojúdé, ó ń sinmi ni. N kò mọ ti odó."

Obìnrin náà ń ṣa ẹyìn rẹ̀ lọ.

"Èmi mọ ti odó," ló wí. "Nílé ìyá mi, èéyi wọlé lọ́dún kan tí n kò tíì lọ́kọ. Nígbà tó jáde, èmi nìkan ló kù nínú àwa ọmọ. Ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ dojú odó dé, pé òun kò retí mi mọ́, pé èmi náà ń lọ. Mo là á já. Mo gbé odó yẹn dìde fúnra mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń sáré kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn gbé abẹ́rẹ́ dé. Mo wá dé ibẹ̀, mo rí orúkọ wa, ó dojúdé. Dominic, àyà mi já."

Dominic kò lè gbé orí sókè. "Màá pa á rẹ́ ní àárọ̀ ọ̀la, kí ilẹ̀ tó mọ́."

"O ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́!" Ohùn rẹ̀ le. "Kí a jí kí orúkọ wa má sí níbẹ̀ rárá? Ìyẹn ló wá burú jù. Odó tó dojúdé, wọn kì í jó o níná, wọ́n ń gbé e dìde ni. Ẹni tó dojú rẹ̀ dé kì í sì í dá gbé e. Obìnrin ilé náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kún un."

"Iye, ṣé ẹ ó wá fọwọ́ kún un?"

Iye kàn ní kó dìde, pé eruku ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Dominic dìde, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìṣòro tuntun. Orúkọ tuntun gbọ́dọ̀ dúró kó tó lè bo ti àtijọ́. Nísàlẹ̀ àtẹ náà ńkọ́? Lábẹ́ orúkọ àtijọ́, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun ẹsẹ̀ ògiri ti bẹ̀rẹ̀, àyè kò sí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fa òbìrìkìtì sójú iyanrìn lẹ́yìnkùlé, ó ń fi igi kọ, ó ń fẹsẹ̀ pa á rẹ́. Dora pọn Pamílẹ́rìn, ó dúró síwájú àtẹ iyanrìn náà bí ẹni dúró síwájú ògiri, ó ń kà á fún un.

"Ti ìsàlẹ̀ yìí ṣì gbẹ́sẹ̀ sókè."

Dominic yí i. Ó kọ orí lẹ́tà sí àárín àtẹ, ó kọ ẹsẹ̀ wọn sí etí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Ìlà náà tẹ̀ wálẹ̀ láàárín, ó gbé igun méjèèjì sókè, gẹ́gẹ́ bí ikùn ọkọ̀ tó jókòó sórí omi.

"Ìsàlẹ̀-Odò," ni Dora kà, láìtẹ ọrùn. "Ó ti dìde. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Tí mo bá fẹ́ ka Ojú-Ọjà, ńṣe ni mò ń ṣe bí adìyẹ tó ń wo àwòdì."

Ó tún ti ẹ̀gbẹ́ ṣe. Ó yọ wọ́n kúrò létí, ó tẹ́ wọn dà sórí ègé, láti àárín lọ síta lápá ọ̀tún, láti ìta wá sí àárín lápá òsì, kí olúkúlùkù fara ti ègé rẹ̀ bí àkàbà ṣe ń fara ti ògiri. Orí gbogbo wọn wà lókè, gbogbo wọn sì ń lọ láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Ti Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àyè kò tíì yanjú. Ó wo ègé tó yà fún Ìsàlẹ̀-Odò sójú iyanrìn, èyí tó gùn ju gbogbo wọn lọ, tó fẹ̀ bí ẹní, ló bá rẹ́rìn-ín. Àyè ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, inú ọ̀dà ewé ọ̀pẹ náà gan-an.

Ní kùtùkùtù, Judith ló kọ́kọ́ dé, ó ń fọwọ́ kan kúlà rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Dominic ti po ọ̀dà funfun. Ó dúró, kò ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Oòrùn yọ. Àwọn ìyá láti àdúgbò míì ń kọjá lọ sóko, wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà odò. Judith ní, "Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ná." Ó ní rárá.

Ìgbà tí ó rí gèlè Iye Aníwúrà tó ń gòkè bọ̀ láti odò, òun nìkan, láìsí ìyá ọmọ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sì tún ń dà á láàmú. Obìnrin náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró síwájú ògiri.

"Níbo lo fẹ́ gbé e sí?"

"Inú ègé yín ni, Iye. Ọ̀dà ti àwọn yòókù kò tíì gùn tó kí orúkọ gba inú rẹ̀. Àwọn ọmọ yín ló ṣe àyè fún orúkọ yín. Tí ẹ kò bá kó wọn wá nígbà yẹn, n kì bá tí rí ibi kọ ọ́ sí."

Iye wo ègé náà. Lẹ́yìn náà, ó káṣọ, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní Dominic, ó na ọwọ́, ó sì di ìgúnpá ọkùnrin náà mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ fa lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ti mọ́ra, Iye fi í sílẹ̀, Dominic sì kọ ìyókù, funfun lórí ewé, ó tẹ̀ wálẹ̀ láàárín, ó gbé etí sókè. Lẹ́yìn tó parí rẹ̀ pátápátá ló bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ létí.

Iye Aníwúrà dìde, ó fọwọ́ gbọn orúnkún. Ó bọ́ sí gbangba, ó kọjú sí ọ̀nà odò, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe máa ń pe ara wọn láti oko dé oko, ó sì ké. Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré. Ló bá di pé ohùn kan dáhùn nísàlẹ̀, òmíràn dáhùn, àwọn ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ti múra sílẹ̀ láti òwúrọ̀. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń retí.

Judith sunkún, kò tilẹ̀ fi pa mọ́. Ó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó ń sunkún, àwọn ọmọ náà ń sunkún, ilé ìwòsàn náà kún fún ariwo tó dùn létí Dominic ju orin lọ. Ọpẹ́ tó sọnù lánàá padà dé, ó pọ̀ débi tí kò fi lè sọ ọ́ jáde. Ó kàn ń mi orí níbẹ̀ bí alángbá.

Dora ló kẹ́yìn dé, ó pọn Pamílẹ́rìn. Judith mú ọmọ náà, ó gún un, ọmọ náà bú sẹ́kún bó ti yẹ. Kí wọ́n lè mọ ègé tí wọn yóò fi kún, Judith ti ń bi ìyá kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tí ọmọ rẹ̀ ti wá. Ó bi Dora náà, bí ó ṣe ń bi gbogbo èèyàn, láìronú.

Dora wo Dominic. Ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n ń gbé. Láti ìgbà tí Irewọlé ti wà lọ́mọdé, tí ẹnikẹ́ni bá ti bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un, kò sì dùn wọ́n rí, nítorí òtítọ́ ni.

"Kọ ọ́ sí abẹ́ àlejò," ni Dominic wí.

"Àlejò wo?" Láti orí bẹ́ǹṣì ni Iye Aníwúrà ti sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára ọmọ tó ń rẹ̀ lẹ́kún lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìsàlẹ̀-Odò lọmọ yẹn. Nọ́ọ̀sì, kà á mọ́ tiwa."

Judith yíjú sí Dominic, ó ní, "Bàbá Irewọlé, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ẹ lọ kùn ún."

Dominic mú ọ̀dà ewé ọ̀pẹ, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó kun ti gbogbo ọmọ àárọ̀ náà, ó dán mọ́rán. Nígbà tó kan ti Pamílẹ́rìn, omi ti bo ojú rẹ̀, ìlà náà sì wọ́, òun nìkan ló wọ́ lára gbogbo àtẹ náà. Dora ní kó tún un ṣe kó tó gbẹ. Ó ní rárá, kí ó wà bẹ́ẹ̀.